Pákó tí ò ká: ọjọ́ méjì ní Haeinsa, lórí òkè Gaya

Káfíńtà ni bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú lẹ́búlẹ́bú pákó ni mo dàgbà sí, mo sì mọ ohun kan nípa igi tí ẹni tí ò bá káfíńtà gbélé lè má mọ̀: igi kì í kú tán. Wọ́n á gé e, wọ́n á là á, wọ́n á fá a, wọ́n á fi ṣe ìlẹ̀kùn, tó bá yá ìlẹ̀kùn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, á máa ha mọ́ férémù, ẹni tó ni ín á sì wá bá bàbá mi pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ wọn. Òjò ló fà á, àbí oòrùn, àbí pé wọn ò jẹ́ kí pákó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó lò ó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Daegu, ní Korea, wá sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn pákó kan wà nítòsí àwọn, ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin lọ, láti àsìkò ogun Mongol ni wọ́n ti fín ọ̀rọ̀ sí wọn lára, wọn ò ká, kòkòrò ò jẹ wọ́n, wọ́n sì ṣeé fi tẹ̀wé títí dòní, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mi ò gbà yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, wá fojú ara ẹ rí i."

Bó ṣe di pé mo wọ KTX, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá wọn, ní Seoul láàárọ̀ Sátidé kan nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, òtútù ti ń mú. Bíi wákàtí méjì báyìí mo ti dé Dongdaegu, ẹ̀gbọ́n ń dúró dè mí, a wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní ìwọ̀ oòrùn Daegu, a ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó tún tó wákàtí kan ààbọ̀ kí bọ́ọ̀sì tó gbé wa dé Haeinsa, tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà tí pákó náà wà, ní Hapcheon, lágbègbè Gyeongsang gúúsù. Ìdajì ìkẹyìn ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń yí, odò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nísàlẹ̀, òkúta ńláńlá funfun nínú omi, igi páìnì lápá kan, lápá kejì ewé tó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Hongnyudong ni wọ́n ń pe àfonífojì yẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé omi ibẹ̀ ń ṣàn ní pupa, torí tí ewé bá ti pọ́n tán lásìkò yìí, omi náà á dà bíi pé wọ́n pò ó láró pupa. Mo rò pé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ń ṣàsọdùn ni. Wọn ò ṣàsọdùn. Ẹ̀gbọ́n ní ibẹ̀ ni Choe Chiwon wá fara pamọ́ sí, ọ̀mọ̀wé ńlá ayé Silla (ìjọba Korea àtijọ́) tó ti kékeré lọ kàwé ní Ṣáínà, tó padà wálé tó fẹ́ tún ìlú ṣe, tí wọn ò gbọ́ tiẹ̀, ló bá kó ẹrù ẹ̀, ó bọ́ sórí òkè Gaya. Mo wo omi yẹn, mo ní ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn lọ tí ìlú bá sú u.

Láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti já wa, ẹsẹ̀ la fi gòkè. Kò sí ẹni tó gbowó wíwọlé lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ní tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń gbà á, láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ti fagi lé e ní ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì ìjọ Jogye, ìjọ Búdà tó tóbi jù ní Korea. Èèyàn pọ̀ lọ́nà, àwọn ìyá àgbà tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi ń gun òkè, tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń yára ju èmi lọ, bí wọ́n bá sì kọjá lára wa wọ́n á kí wa.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Iljumun, wọ́n to òpó ẹ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo, kò ní ìlẹ̀kùn, kò ní ògiri, òrùlé ńlá kan ló kàn jókòó sórí òpó. Ẹni tó bá ti kọjá níbẹ̀ ti fi ìgboro sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni igi páìnì àti igi mìíràn to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí àwọn tó ń pàdé ọba, láàárín wọn ni mo ti rí igi kan tó dá mi dúró. Ó ti kú. Kùkùté ńlá ló kù, inú ẹ̀ ti dá ihò, àwọ̀ ara ẹ̀ ti dà bí eérú, wọ́n sì fi ọgbà kékeré yí i ká. Igi zelkova ni, wọ́n ní ìgbà tí wọ́n dá tẹ́ńpìlì sílẹ̀ ni wọ́n gbìn ín, ọdún 1945 ló kú. Bàbá mi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn án. Mo nà ọwọ́, mo rántí pé kì í ṣe ilé wa, mo dá a padà.

Ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ yẹn, ọdún 802 ni. Àwọn olùfọkànsìn méjì, Suneung àti Ijeong, ti Ṣáínà padà dé, ìtàn ní ìyàwó ọba Aejang ti Silla ń ṣàìsàn, wọ́n gbàdúrà ara ẹ̀ yá, ọba wá fún wọn ní ilẹ̀ àti owó ìkọ́lé. Orúkọ Haeinsa fúnra ẹ̀, inú ìwé mímọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Hwaeom ni wọ́n ti mú un: hae ni òkun, in ni èdìdì. Tí ìjì bá rọlẹ̀ lórí òkun, tí omi pa lọ́lọ́, gbogbo nǹkan ayé pátá á hàn lójú ẹ̀ bí ẹni tẹ èdìdì. Orúkọ òkun, lórí òkè tó jìnnà sí òkun báyìí. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan.

Ẹ mọ̀ pé tẹ́ńpìlì mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí ohun iyebíye jù ní Korea. Tongdosa ni ti Búdà fúnra ẹ̀, Songgwangsa ni ti àwọn olùfọkànsìn, Haeinsa ni ti ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ náà wà. Lórí pákó.

A kọjá àgbàlá, a rí àwọn èèyàn tó ń rìn yípo lórí ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀, ó lọ́ sọ́tùn-ún, ó lọ́ sósì, Haeindo ni wọ́n ń pè é, wọ́n á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, wọ́n á máa tẹ̀lé ìlà náà wọ́ọ́rọ́wọ́ títí wọ́n á fi padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. A wo gbọ̀ngàn ńlá, Daejeokgwangjeon, níbi tí ère Búdà tí wọ́n ń pè ní Vairocana jókòó sí, wúrà ń dán lára ẹ̀. Gbọ̀ngàn yẹn rẹwà, àmọ́ iná ti sun ún rí. Iná ti jó Haeinsa ní àìmọye ìgbà, èyí tó jó ní 1817 yẹn burú gan, ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tún gbọ̀ngàn yìí kọ́. Nínú gbogbo iná yẹn, ilé tí pákó wà, tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn gangan, lókè àtẹ̀gùn tó ga fíofío, iná ò dé ibẹ̀ rí. Ẹ wo bó ṣe sún mọ́ra tó, mo dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn mo wo ìsàlẹ̀ mo wo òkè, àyà mi já.

Bí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn yẹn tán, ilé gígùn méjì ló máa rí, wọ́n kọjú sí ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan gùn tó ọgọ́ta mítà. Sudarajang ni ti iwájú, Beopbojeon ni ti ẹ̀yìn, kéékèèké méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń retí wúrà àti ọ̀dà aláràbarà, ojú á tì í. Igi, amọ̀, páànù amọ̀ lórí, ó parí. Ó jọ abà. Ẹ̀gbọ́n ń wojú mi bóyá mi ò ní fẹ́ràn ẹ̀, èmi sì ti ń wo fèrèsé.

Ẹ dákun ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti fèrèsé yìí. Igi gbọọrọgbọọrọ ni wọ́n tò sójú ẹ̀, kò sí gíláàsì, kò sí ìlẹ̀kùn, ṣíṣí ló wà tọ̀sán-tòru. Ògiri kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé òkè àti ti ìsàlẹ̀. Lára ògiri iwájú, ti ìsàlẹ̀ ló tóbi, ti òkè kéré. Lára ògiri ẹ̀yìn, ó yí padà, ti òkè ló tóbi, ti ìsàlẹ̀ ló kéré. Mo lọ wò ó lápá iwájú, mo yí i lọ wò ó lẹ́yìn, mo tún padà. Atẹ́gùn tó ń ti àfonífojì gòkè bọ̀ á gba ojú ńlá ìsàlẹ̀ wọlé, kò ní lè sáré jáde torí ojú tó dojú kọ ọ́ kéré, á gòkè, á yí ká àárín àwọn pẹpẹ, á kó ọ̀rinrin dání, á wá gba òkè jáde lẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan. Nílẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi èédú, ẹfun, iyọ̀ àti amọ̀ tẹ́ ẹ, tí òjò bá ń rọ̀ tí gbogbo ayé ń rin, ilẹ̀ á mu omi inú atẹ́gùn. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1488 ni wọ́n tún ilé yẹn kọ́. Mo gbé ọwọ́ mi sí ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ kan, atẹ́gùn ń kọjá láàárín ìka mi, ó tutù, kò yára, kò dáwọ́ dúró. Mo dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí mi, òun náà gbé ọwọ́ tiẹ̀ síbẹ̀, a wo ara wa, a rẹ́rìn-ín.

Ní bíi 1970 sí i, ìjọba wọn rò pé ilé àtijọ́ ò lè tó mọ́, wọ́n kọ́ tuntun, kọnkéré, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń bójú tó otútù àti ooru, wọ́n kó pákó díẹ̀ lọ síbẹ̀ láti fi dán an wò. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Wọ́n kó wọn padà sílé wọn. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń sọ ìyẹn fún mi, ohùn bàbá mi ni mò ń gbọ́ nínú orí mi pé igi ò fẹ́ kí wọ́n sé òun mọ́lé, ó fẹ́ mí.

Ṣé kí n sọ bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ? Iṣẹ́ àkọ́kọ́, ọdún 1011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tí àwọn Khitan, ẹ̀yà kan láti àríwá, ń jà wọ́n, ó sì pẹ́ kó tó parí, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí tẹ́ńpìlì Buinsa, lórí òkè Palgong nítòsí Daegu níbẹ̀ yẹn. Mongol dé ní 1232, ó sun gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, eérú. Ọba Goryeo (bí Korea ṣe ń jẹ́ nígbà yẹn) àti ìjọba ẹ̀ ti sá lọ sí erékùṣù Ganghwa, ogun ń jó gbogbo ilẹ̀, àwọn èèyàn ń kú, kí ni wọ́n pinnu láti ṣe? Wọ́n ní ká tún un gbẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1237 sí 1248 ni wọ́n fín èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi díẹ̀, kí n má parọ́ fún yín, mo ní ṣé kì í ṣe ọfà ló yẹ kí wọ́n máa ṣe? Wọ́n gbà pé tí wọ́n bá ṣe é pẹ̀lú ọkàn mímọ́, Búdà á bá wọn lé ọ̀tá lọ. Mongol ò lọ o, Goryeo padà túúbá ni. Ṣùgbọ́n mo ti ro ó láti ìgbà yẹn: ọ̀tá ti sun ohun tó so yín pọ̀, tí ẹ bá jókòó tí ẹ tún un ṣe, ẹyọ kan sí ẹyọ kan, nígbà tí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ máa rí ọ̀la, ẹ ò tíì gbà pé ó ṣẹ́gun yín nìyẹn. Mo ti fara mọ́ wọn báyìí.

Igi tí wọ́n lò, tẹ́lẹ̀ wọ́n rò pé birch ni, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n rí i pé cherry inú igbó ló pọ̀ jù, àti igi pear igbó. Wọ́n á rì í sínú omi òkun, wọ́n á là á, wọ́n á sè é nínú omi iyọ̀, wọ́n á sá a síbi tí òjìji wà kí oòrùn má baà là á, ọdún á gorí ọdún kí ọ̀bẹ tó kàn án. Sugi, olùfọkànsìn tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yẹ ìwé wò, fi ìwé Ṣáínà, ti Khitan àti ti Goryeo àtijọ́ wéra wọn láti mọ èyí tó tọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ ọ́ sórí pépà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó ní ìdojúdé, wọ́n á fín in. Ojú kan ìlà mẹ́tàlélógún, ìlà kan lẹ́tà mẹ́rìnlá, ojú méjèèjì ni wọ́n sì fín. Àpapọ̀ pákó 81,258. Lẹ́tà inú ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjìléláàádọ́ta, gbogbo ẹ̀ jọ ara wọn bíi pé ọwọ́ ẹnì kan ló kọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fín lẹ́tà kan á kọ́kọ́ foríbalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìtàn ni, àmọ́ tí ẹ bá rí iṣẹ́ náà ẹ ò ní bá ẹni tó sọ ọ́ jà.

Ní 1398 ni wọ́n kó wọn kúrò ní Ganghwa, wọ́n sì kó wọn wá sórí òkè yìí. Mo ṣírò ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pákó kan wúwo tó kílò mẹ́ta sí mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ á tó 280 tọ́ọ̀nù, ẹ̀yìn àti orí èèyàn ló sì ru ú gun òkè tí bọ́ọ̀sì wa ń mí hẹlẹ lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn ará Jàpáánì ń ránṣẹ́ léraléra pé kí wọ́n fún àwọn ní pákó náà, Joseon, tó gba ipò Goryeo, sì jẹ́ ìjọba tí ò ka ẹ̀sìn Búdà sí mọ́, síbẹ̀ wọn ò fún wọn, ìwé tí wọ́n tẹ̀ látara ẹ̀ ni wọ́n fún wọn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ ẹ̀ ni Kim Young-hwan. Ọdún 1951, ogun Korea, àwọn jàǹdùkú ogun apá àríwá sá pamọ́ sí agbègbè òkè Gaya, àṣẹ dé pé kí ọkọ̀ òfuurufú lọ ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Kim Young-hwan ló ṣáájú àwọn ọkọ̀ náà. Ó fò dé orí tẹ́ńpìlì, kò jù ú. Ó sọ fún àwọn tó tẹ̀lé e pé kí wọ́n má jù ú. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí sójà kọ àṣẹ lójú ogun. Ní 1954 ọkọ̀ ẹ̀ já, ó kú, ọ̀dọ́ ni, ní 2010 ni ìjọba tó fi àmì ẹ̀yẹ ńlá dá a lọ́lá. Òkúta ìrántí ẹ̀ wà ní Haeinsa. A lọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà, èmi náà ṣí tèmi.

A sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń gba àlejò sùn ní tẹ́ńpìlì, láti àsìkò Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù 2002 ni wọ́n ti ń ṣe é káàkiri Korea. Wọ́n fún wa ní aṣọ, ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti wésíkóòtù, yàrá tí ò sí bẹ́ẹ̀dì, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ibùsùn sí, àmọ́ ilẹ̀ náà ń gbóná lábẹ́ ẹ ni, ẹ̀yìn mi dúpẹ́. Oúnjẹ, kò sẹ́ran, kò sẹ́ja, kò sí àlùbọ́sà, kò sí aáyù, mo rò pé kò ní lẹ́nu, ṣùgbọ́n ewébẹ̀ òkè yẹn, tófù, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà tó gbóná, mo jẹ ẹ́ tán porogodo. Ohun tí èèyàn bá bù ló gbọ́dọ̀ jẹ tán. Ìyá kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí abọ́ mi, ó mi orí, ó sọ nǹkan kan fún ẹ̀gbọ́n. "Wọ́n ní o jẹun dáadáa," ẹ̀gbọ́n ní, "kí o lọ fọ abọ́ ẹ."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n lu ohun mẹ́rin náà. Ìlù ńlá ti àwọn ẹranko orí ilẹ̀, ẹja onígi tó ṣófo nínú ti àwọn ohun inú omi, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe bí àwọsánmà ti àwọn ẹyẹ, agogo ńlá ti àwọn tó ń jìyà nísàlẹ̀. Kò sí ẹ̀dá tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ìlù yẹn, sunim méjì ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn (sunim ni wọ́n ń pe àwọn tó ti fárí, tí wọ́n fi ayé sílẹ̀ fún ẹ̀sìn), èkejì á wọlé láìjẹ́ kí ìlù já, apá aṣọ wọn ń fẹ́ bí ìyẹ́. Mo jẹ́ ọmọ ìlú tó mọ ìlù, ẹ gbà mí gbọ́, àwọn yẹn mọ ìlù.

Alẹ́, mo pe bàbá mi. Èmi wà ní agogo mẹ́jọ alẹ́, àwọn wà ní agogo méjìlá ọ̀sán nílé, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbọ́ ayùn.

"Ẹ kú ọ̀sán sà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ọmọ mi, o ti rí pákó náà?"

"Mo rí i láti ojú fèrèsé sà, ọ̀la la máa wọlé." Mo ṣàlàyé fèrèsé, mo ṣàlàyé ilẹ̀. Wọ́n ń gbọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣe tán wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ṣe sí etí ẹ̀?"

"Etí bí i ti báwo sà?"

"Etí pákó. Pákó pẹlẹbẹ tó gùn báyẹn, tí o bá fi sílẹ̀ lásán á lọ́. Wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi igi dè é létí méjèèjì. Igi yẹn á sì sanra ju pákó lọ. Lọ wò ó."

"Kí ló dé tó fi máa sanra jù ú lọ sà?"

"Tí o bá rí i, wàá mọ̀."

Wọ́n ti padà sídìí ayùn. Agogo mẹ́sàn-án wọ́n paná.

Òru dúdú ni wọ́n fi moktak jí wa, igi kékeré tó ṣófo tí wọ́n ń lù kó-kó-kó, ó bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́jẹ́, ó ń le sí i, sunim kan ń gbé e yípo gbogbo àgbàlá. Ìta tutù débi pé èémí mi ń rú bí èéfín, ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run pìtìmù. A wọ gbọ̀ngàn, a foríbalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìdínláàádọ́fà. 108. Èèyàn á dúró, á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, á kúnlẹ̀, á fi iwájú orí kan ilẹ̀, á yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, á dìde. Ìkọ̀ọ̀kan fún ìdààmú ọkàn kan. Ní Haeinsa yìí kan náà ni Seongcheol gbé, sunim tó lókìkí jù láyé òde òní ní Korea, tó kú ní 1993. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, ó gbọ́dọ̀ foríbalẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ná, kò sí ti ipò. Emi ò fi ẹ̀sìn mi sílẹ̀ o, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ń retí pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ ò ṣàjèjì sí ara mi. Nígbà tó di bí ẹ̀ẹ̀kẹrìnlélọ́gọ́ta orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn àádọ́rùn-ún mi ò ro nǹkan kan mọ́, ilẹ̀ onípákó yẹn ni mò ń rí, ìlà ara igi ẹ̀, ó ń sún mọ́ mi, ó ń jìnnà.

Nígbà tó di ọ̀sán la wọlé. Tẹ́lẹ̀ kò sí bí ará ìta ṣe máa wọ ilé pákó, oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn èèyàn díẹ̀ wọlé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Kò sí fótò. Sudarajang ní ẹnu ọ̀nà kan tó rí roboto lókè, wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, òjìji òrùlé á ya ojú òdòdó lotus sílẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ tiwa kọ́, a kọjá.

Inú ẹ̀ dúdú díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín igi fèrèsé wọlé ní ìlà ìlà. Pẹpẹ onípele márùn-ún, láti ìhín dé ọ̀hún, pákó dúró lórí wọn gbọnrangandan bí ìwé láyìíbìrì. Òórùn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Igi tó ti gbẹ, tó mọ́, kò sí òórùn bíbu rárá. Mo sún mọ́ ọn bí wọ́n ṣe gbà wá láyè tó, mo wo etí.

Igi wà létí. Ọ̀tún àti òsì, igi tó nípọn, wọ́n gbẹ́ ojú ihò sí i, wọ́n ki etí pákó bọ̀ ọ́, wọ́n fi irin bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í níkorí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìṣó kéékèèké wà lára ẹ̀. Ó sì sanra ju pákó lọ. Mo wá rí ìdí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀: bí wọ́n ṣe tò wọ́n yẹn, etí sí etí ló kan ara wọn, àárín wọn ò kan ara wọn rárá, àlàfo wà láàárín pákó kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan ò ha ara èkejì, atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn tó gba àárín ìka mi lánàá. Ojú pákó dúdú, ó ń dán díẹ̀ níbi tí wọ́n fi oje igi kùn ún, àwọn lẹ́tà náà yọ sókè, etí wọn mú bíi pé àná ni ọ̀bẹ kúrò lára wọn. Mo tẹ orí mi láti wo ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, bí bàbá mi ṣe máa ń di ojú kan wo pákó bóyá ó tọ́. Ó tọ́ gbọnrangandan.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò tijú ẹ̀.

Nígbà tí a jáde mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo ya etí náà sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, bí ihò ṣe wà, bí irin ṣe gbá a mú, mo ya fótò ẹ̀ mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nílé nígbà yẹn, síbẹ̀ wọ́n pè mí padà kí a tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí."

"Mo rí i." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àwọn tó ṣe é, ṣé wọ́n mọ orúkọ wọn?"

Mo bi ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú pákó yẹn ló ní orúkọ ẹni tó fín in lára, kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́, níta ìlà ọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi.

"Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."